Bí ẹ ṣe máa kọ kíléèmù pátẹ́ǹtì fún irinṣẹ́ ìgbẹ́kànga epo kí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ má dojú rú

Tí ẹ bá ti ṣe irinṣẹ́ tuntun tí wọ́n máa fi gbẹ́ kànga epo, bóyá bíìtì (irin ẹnu tó ń gbẹ́ òkúta) ni o, bóyá mọ́tọ̀ tó ń yí bíìtì nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni, bóyá mọ́ọ̀dù (ẹrẹ̀ tí wọ́n ń rọ sínú kànga bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ) ni, tẹ́ ẹ wá fẹ́ gba pátẹ́ǹtì lé e lórí, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún yín kí ẹlòmíì má baà lò ó láìgbàṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwòrán tó dáa yẹn tàn yín jẹ. Kì í ṣe àwòrán ni òfin máa fi ṣọ́ iṣẹ́ yín, kì í sì í ṣe àlàyé gígùn tó ṣáájú, kíléèmù ni. Kíléèmù ni àwọn gbólóhùn inú ìwé pátẹ́ǹtì tó ń sọ ohun tí ẹ ní ó jẹ́ tiyín gan-an. Òun ni ààlà, ohun tó bá wà nínú ẹ̀ ni tiyín, ohun tí ò bá sí nínú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè mú un lò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ò dúró sójú kan tó láti da gbogbo ẹ̀ rú, iṣẹ́ ìgbẹ́kànga sì kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ rígì ni púpọ̀ nínú orúkọ irinṣẹ́ náà ti jáde, ẹnikẹ́ni ò jókòó pín wọn létòlétò.

Òfin náà ò sì gba gbẹ̀rẹ́. Ní Yúróòpù, Abala 84 nínú àdéhùn pátẹ́ǹtì wọn sọ pé kíléèmù gbọ́dọ̀ ṣe kedere, kó má gùn láìnídìí, kí àlàyé inú ìwé náà sì tì í lẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, Section 112 nínú òfin pátẹ́ǹtì wọn ló ń bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, lọ́dún 2014 Supreme Court wọn wá là á mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ Nautilus àti Biosig pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú gbọ́dọ̀ lè ka kíléèmù kó sì mọ ibi tí ààlà ẹ̀ dé, kó dá a lójú níwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu. Ẹ wo ẹni tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n o, kì í ṣe adájọ́, kì í ṣe lọ́yà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ni. Fún tiwa, ẹnjiníà rígì nìyẹn, àti ẹni tó ń ṣe bíìtì, àti ẹni tó ń po mọ́ọ̀dù. Tí ẹni yẹn bá kà á tán tó tún ní láti bi yín pé "kí lẹ ní lọ́kàn gan-an?", ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì jinná.

Ẹjọ́ tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ kíléèmù nídìí iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ kà ni ti ilé-iṣẹ́ Halliburton àti ilé-iṣẹ́ M-I, tí Federal Circuit, ìyẹn ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń gbọ́ ẹjọ́ pátẹ́ǹtì ní Amẹ́ríkà, dá lọ́dún 2008. Mọ́ọ̀dù ni Halliburton gba pátẹ́ǹtì lé lórí, wọ́n sì pè é ní "fragile gel", ìyẹn ohun dídì tó tètè ń tú, nínú kíléèmù. Èrò tó wà nídìí ẹ̀ dáa gan-an: tí wọ́n bá dá iṣẹ́ dúró, mọ́ọ̀dù náà á dì kó lè gbé èérún òkúta dúró kí wọ́n má baà rì lọ sísàlẹ̀ kànga, tí iṣẹ́ bá sì tún bẹ̀rẹ̀, kíákíá ló máa tú padà di olómi. Wàhálà ibẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ "fragile" yẹn. Kó tètè tú tó báwo? Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó? Mọ́ọ̀dù tó ti wà tẹ́lẹ̀ náà máa ń dì, wọ́n sì máa ń tú, ibo wá ni tàwọn yẹn parí sí, ibo ni tuntun yìí ti bẹ̀rẹ̀? Halliburton ní ó gbọ́dọ̀ tú wẹ́rẹ́, kó sì tún lágbára tó láti gbé èérún òkúta dúró. Ṣùgbọ́n agbára tó tó láti gbé èérún dúró nínú kànga kan lè má tó nínú kànga kejì, ó kù sọ́wọ́ bí kànga náà ṣe rí, bó ṣe dẹ̀gbẹ́ sí, àti bí èérún náà ṣe tóbi sí. Ilé ẹjọ́ wá rí i pé mọ́ọ̀dù kan náà lè wọ inú kíléèmù yẹn ní kànga òní kó má wọ̀ ọ́ ní kànga ọ̀la. Báwo lẹni tó ń po mọ́ọ̀dù ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti kọjá ààlà oníǹkan? Bí kíléèmù náà ṣe ṣubú nìyẹn. Lásìkò yẹn òṣùwọ̀n tí kọ́ọ̀tù ń lò ṣì rọ̀ ju ti 2014 lọ, síbẹ̀ kò là á já.

Ohun tó dùn mí nínú ẹjọ́ yìí ni pé irinṣẹ́ tí wọ́n lè fi wọ̀n ọ́n wà nílẹ̀ ní gbogbo yàrá ìdánwò mọ́ọ̀dù. Gel strength, ìyẹn bí mọ́ọ̀dù ṣe dì le tó, wọ́n máa ń kà á lẹ́yìn 10 seconds àti lẹ́yìn 10 minutes, lórí viscometer, ẹ̀rọ tó ń wọn bí olómi ṣe ki tó, tó ń yí ní 3 rpm (ìgbà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan). Tí ẹ bá ń kọ irú kíléèmù bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ sọ nọ́ńbà tí gel strength ò gbọdọ̀ kọjá, ẹ sọ àkókò tẹ́ ẹ fi jẹ́ kó sinmi, ẹ sọ bí viscometer ṣe ń yí, ẹ sọ ìwọ̀n ooru tí mọ́ọ̀dù wà, torí àwọn tó ń fi omi pò ó sábà máa ń wọ̀n ọ́n ní 120°F, àwọn tó ń fi epo pò ó sì máa ń wọ̀n ọ́n ní 150°F, ìyàtọ̀ ooru yẹn nìkan tó láti yí nọ́ńbà padà.

Ó yá, ẹ gbé kíléèmù tẹ́ ẹ kọ síwájú, ẹ mú bírò, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ orúkọ nǹkan àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí. Ẹ má fo ìkankan, pàápàá èyí tẹ́ ẹ rò pé gbogbo ayé mọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ni pé, ṣé nǹkan míì wà lórí rígì tó ń jẹ́ orúkọ yìí? Ẹ wo "cone". Látìgbà tí Howard Hughes àgbà ti gba pátẹ́ǹtì bíìtì oníkọ́nù méjì lọ́dún 1909, "cone" ti di irin tó ń yí lára bíìtì tó sì ń fọ́ òkúta. Nígbà tí bíìtì PDC, tí wọ́n fi dáyámọ́ǹdì àtọwọ́dá ṣe ẹnu ẹ̀, wá dé láwọn ọdún 1970, tí ò ní irin kankan tó ń yí lára ẹ̀, àwọn tó ń yàwòrán ojú ẹ̀ tún sọ ibi tó jin sínú ní àárín ojú bíìtì náà ní "cone". Torí náà tí kíléèmù bá sọ pé "àwọn cutter tó wà lórí cone", ẹni méjì tó mọṣẹ́ máa kà á, ọ̀tọ̀ ni ohun tí kálukú máa rí, àwọn méjèèjì á sì tọ̀nà. "Collar" náà ń kọ́, drill collar ni páìpù tó nípọn tó wúwo tí wọ́n fi ń tẹ bíìtì mọ́lẹ̀, casing collar sì ni òrùka oníròó (ròó ni ìlà yíyí bíi ti bóòtù) tó so casing méjì pọ̀, casing ni páìpù ńlá tí wọ́n fi bo ògiri kànga. "Joint" lè jẹ́ odindi páìpù kan, ó sì lè jẹ́ ibi tí páìpù méjì ti pàdé, "tool joint" tún wá jẹ́ ẹnu páìpù tó nípọn tí wọ́n gé ròó sí. Eyín bíìtì pàápàá ní orúkọ mẹ́ta tí kì í ṣe ọ̀kan náà: "tooth" ni wọ́n gé látara irin cone fúnra ẹ̀, "insert" ni wọ́n kì bọ inú ihò tí wọ́n lu sára cone, "cutter" sì ni ti PDC. Tí irinṣẹ́ yín bá lè lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá orúkọ kan tó máa gbé gbogbo wọn, kẹ́ ẹ sì sọ nínú àlàyé pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kan péré ló lè lò, ẹ dárúkọ ẹ̀ gan-an.

Ẹ ṣọ́ra fún "drilling fluid" náà. Lójú yín olómi ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi afẹ́fẹ́ tàbí fọ́ọ̀mù gbẹ́ kànga, orúkọ yẹn náà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà bá sì ń yẹ ìwé yín wò, ìtumọ̀ tó fẹ̀ jù lọ tó ṣì bọ́gbọ́n mu ni wọ́n máa fún ọ̀rọ̀ náà, tó fi lè jẹ́ pé irinṣẹ́ alátẹ́gùn kan láyé àtijọ́ tí kò jọ tiyín rárá ni wọ́n máa fi dá yín padà. Kẹ́ ẹ fi "olómi" kún un báyìí sàn ju kẹ́ ẹ máa jà á nígbà yẹn lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti mú orúkọ, ẹ má yí i padà mọ́. Níléèwé wọ́n kọ́ wa pé kéèyàn má máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, kó lè dùn kà, nínú kíléèmù àṣìṣe ńlá nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pè é ní "sleeve" ní ìlà kejì, tẹ́ ẹ wá pè é ní "tube" ní ìlà karùn-ún, ẹni tó ń kà á máa gbà pé nǹkan méjì ni, ẹni tẹ́ ẹ sì fẹ́ pè lẹ́jọ́ máa sọ pé ọ̀kan péré ló wà lára tòun. Bẹ́ẹ̀ náà ni "a" àti "the": ìgbà àkọ́kọ́ tí nǹkan bá yọjú, "a", láti ìgbà kejì lọ, "the" tàbí "said". Tẹ́ ẹ bá kọ "the spring" nígbà tí spring kankan ò tíì yọjú tẹ́lẹ̀, olùyẹ̀wò máa bèèrè pé spring wo. Tí spring méjì bá ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ pè wọ́n ní "first" àti "second" látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ibi tó kàn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù: òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ya irinṣẹ́ sórí pépà máa ń yà á lóòró, ló bá kọ "upper end" àti "lower end". Ó dáa, ẹ gbé irinṣẹ́ náà lọ sínú kànga tó ti yí tó ń lọ gbọọrọ lábẹ́ ilẹ̀, èwo ló wà lókè níbẹ̀? Orí méjèèjì wà ní jíjìn kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ sá fún pátẹ́ǹtì yín á ní irinṣẹ́ tòun ò ní "upper end" kankan nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ariyànjiyàn tí ò yẹ kó wáyé á sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ni "uphole" àti "downhole", ẹ lò ó, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ nínú àlàyé pé uphole ni apá tó kọjú sí ẹnu kànga tẹ́ ẹ bá tọ ojú ọ̀nà kànga náà, bóyá ó dúró ṣánṣán ni o, bóyá ó sùn sílẹ̀ ni. Gbólóhùn kan péré ni. Tó bá jẹ́ ìrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí yíyí lẹ ń sọ, ìlà àárín irinṣẹ́ fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ògiri kànga.

Ó wá ku ti ìwọ̀n. "Diameter páìpù", ti ibo? Ìta ni wọ́n fi ń pe páìpù ìgbẹ́kànga ní 5 inches, ṣùgbọ́n tool joint ẹ̀ sanra ju ara ẹ̀ lọ, inú ẹ̀ sì kéré sí i. Ti casing tún le jùyẹn lọ. Casing 9 5/8 inches, ìta ẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn, inú ẹ̀ kù sọ́wọ́ bí irin ẹ̀ ṣe wúwo: èyí tó jẹ́ 40 pounds lẹ́sẹ̀ kan, inú ẹ̀ fẹ̀ tó 8.835 inches, èyí tó jẹ́ 47 pounds jẹ́ 8.681. Drift tún wà, ìyẹn ìwọ̀n irinṣẹ́ tó dájú pé ó máa là á kọjá, ti 47 pounds yẹn jẹ́ 8.525. Ẹ wá kọ ọ́ pé irinṣẹ́ yín "kéré díẹ̀ sí inú casing 9 5/8", nínú nọ́ńbà mẹ́ta yìí èwo lẹ fẹ́ kẹ́ni tó ń kà á mú? Tó bá jẹ́ pé ohun tó ṣe pàtàkì ni pé irinṣẹ́ gba inú casing kọjá kó tó ṣí apá ẹ̀, ẹ fi irinṣẹ́ fúnra ẹ̀ wọn irinṣẹ́, ẹ sọ ìbú ẹ̀ nígbà tó bá ká apá àti ìbú ẹ̀ nígbà tó bá ṣí i, kẹ́ ẹ yọ casing kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ bíi "strong", "thin", "high", "quickly", "near", mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn láti pa wọ́n rẹ́, torí wọ́n dà bí ẹni pé wọ́n ń fẹ ààlà sí i. Ní ọ́fíìsì Yúróòpù wọ́n máa ní kẹ́ ẹ yọ wọ́n àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti ní ìtumọ̀ kan tí gbogbo oníṣẹ́ mọ̀. "Substantially" àti "about" ṣì lè dúró, Amẹ́ríkà máa ń gbà wọ́n dáadáa, Yúróòpù le díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ní ibi méjèèjì ẹ sọ nínú àlàyé ohun tí "about" yẹn fàyè gbà. Kẹ́ ẹ sọ pé ó dúró fún ìyàtọ̀ tí ẹ̀rọ tó gé irin náà lè fà, ó ti tó. Ẹ má sì lo orúkọ ọjà ilé-iṣẹ́ kan bí orúkọ nǹkan, torí oníǹkan lè yí ohun tó wà nínú ọjà ẹ̀ padà lọ́la. Tẹ́ ẹ bá gbára lé ìlànà API (American Petroleum Institute), ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ àti ọdún ẹ̀dà ẹ̀, torí wọ́n máa ń tún un ṣe.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí nǹkan ń ṣe dípò ohun tí nǹkan jẹ́. Ìtàn ẹ̀ tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú kànga epo! Ẹnìkan tó ń jẹ́ Walker ní ẹ̀rọ tó ń fi gbohùngbohùn (ìró tó ń ta padà) mọ bí epo ṣe jìn tó nínú kànga, ohun tó fi kún un ni ọ̀nà láti gbọ́ ìró tó ń ta padà látara àwọn collar páìpù ketekete, kí wọ́n lè fi wọ́n ka jíjìn. Nínú kíléèmù ẹ̀, ibi tí ìmọ̀ tuntun gan-an wà, "means" tó ń ṣe báyìí báyìí ló kọ síbẹ̀, kò sọ ohun tí means náà jẹ́. Lọ́dún 1946 Supreme Court Amẹ́ríkà fagi lé e nínú ẹjọ́ Halliburton àti Walker. Ọdún 1952 ni àwọn aṣòfin wá ṣe òfin tó gba "means for" láàyè, pẹ̀lú àdéhùn kan: ohun tó máa bò ni ohun tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe nínú ìwé yín àti èyí tó bá dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ṣàpèjúwe nǹkan kan, kíléèmù ò ní ìtumọ̀ nìyẹn. Pípa "means" rẹ́ kẹ́ ẹ fi "module" sípò ẹ̀ ò sì ní gbà yín, ẹjọ́ Williamson àti Citrix lọ́dún 2015 ti pa ilẹ̀kùn yẹn dé. Tẹ́ ẹ bá ní "control module" tó ń darí bíìtì sọ́tùn-ún sósì, ẹ kọ ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tó ń kà látara sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń fi wé, ìgbà wo ló máa ti pádì, ìyẹn irin tó ń tẹ ògiri kànga, jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá tún ọ̀kan ṣe lójú ara wa. Ká ní èèyàn kọ ọ́ báyìí: "Bíìtì kan tó ní ara, tó ní àwọn cutter tó lágbára nítòsí cone ẹ̀, tí wọ́n dẹ̀gbẹ́ níwọ̀n tó bójú mu, àti ohun tó ń fọ àwọn cutter náà dáadáa." Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí òṣìṣẹ́ rígì ò lè lóye tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè fi irinṣẹ́ wọ̀n. Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́ (blade ni irin gígùn tó yọ lójú bíìtì tí wọ́n to cutter sí, nozzle ni ẹnu tí mọ́ọ̀dù ń tú gba jáde, back rake ni bí ojú cutter ṣe dẹ̀gbẹ́): "Bíìtì kan tí kò ní apá tó ń yí lára ẹ̀, tó ní ara kan, tó ní blade méjì ó kéré tán lórí ara náà, tó jẹ́ pé lórí blade kọ̀ọ̀kan, cutter PDC kan ó kéré tán wà láàárín ìlà tí bíìtì ń yí lé lórí àti nose bíìtì náà, tí back rake cutter náà sì wà láàárín 10 sí 25 degrees, àti nozzle kan nínú ara náà, tí ìlà àárín ihò ẹ̀, tí wọ́n bá fà á gùn, kan ojú ọ̀kan nínú àwọn cutter náà." "Lágbára" ti lọ, torí PDC ti sọ ohun tí cutter jẹ́. "Cone" ti lọ, ibi tí wọ́n lè fi rúlà tọ́ka sí ló gbapò ẹ̀. "Fọ̀ dáadáa" náà ti lọ, ìlà tí wọ́n lè fà lórí àwòrán la fi dípò ẹ̀.

Iṣẹ́ ò tíì tán síbẹ̀ o, torí "nose" àti "back rake" ṣì ń fẹ́ ìtumọ̀ nínú àlàyé. Nose rọrùn, ibi tó yọ síwájú jù lọ lójú bíìtì ni. Back rake ló léwu. Nínú bíìtì PDC, ojú cutter sábà máa ń dẹ̀gbẹ́ tó fi jẹ́ pé apá ẹ̀ tó jìnnà sí òkúta ló ṣíwájú, ẹnu tó ń gé òkúta sì wà lẹ́yìn. Àwọn tó ń gé irin ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù máa pe ìyẹn ní negative rake, 20 degrees wọn á ní àmì ìyọkúrò níwájú, ṣùgbọ́n àwọn oníbíìtì á kàn pè é ní back rake 20 degrees. Tẹ́ ẹ ò bá sọ apá tẹ́ ẹ ti ń kà á, ẹnìkan lè sọ pé bíìtì tó dẹ̀gbẹ́ sí òdìkejì pátápátá ni kíléèmù yín ń sọ. Ẹ kọ ọ́ pé ìwọ̀n náà wà láàárín ojú cutter àti ìlà tó dúró ṣánṣán sí ojú òkúta tí wọ́n ń gé, pé nọ́ńbà tí ò ní àmì ìyọkúrò túmọ̀ sí pé ẹnu cutter wà lẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì ya àwòrán kan tó fi igun náà hàn pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka ibi tí cutter ń lọ.

Gbogbo ìtumọ̀ yìí gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi í ránṣẹ́. Ẹyin lohùn, pàápàá níbí yìí, torí Abala 123(2) ní Yúróòpù ò gbà kẹ́ ẹ fi ohunkóhun kún un tí kò sí nínú ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́, Amẹ́ríkà náà ò gba nǹkan tuntun. Tí olùyẹ̀wò bá bèèrè lẹ́yìn ọdún kan pé báwo lẹ ṣe wọn ìwọ̀n yẹn, tí ìdáhùn ò sí nínú ìwé, kò sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ti mú un wá. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ lọ da ìtumọ̀ látinú ìwé ẹlòmíì sínú tiyín o. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Enlarged Board of Appeal, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ga jù ní ọ́fíìsì Yúróòpù, sọ nínú ìpinnu G 1/24 pé gbogbo ìgbà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wo àlàyé àti àwòrán tí wọ́n bá ń túmọ̀ kíléèmù. Ìtumọ̀ tó fẹ̀ jù tẹ́ ẹ kàn fi síbẹ̀ láìrò lè gbé irinṣẹ́ àtijọ́ kan wọlé wá ba tiyín jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti parí, ẹ wá ẹnìkan tó ti ṣiṣẹ́ lórí rígì dáadáa ṣùgbọ́n tí kò bá yín ṣe irinṣẹ́ náà, ẹ fún un ní kíléèmù nìkan, láìsí àwòrán, kẹ́ ẹ ní kó ya ohun tó kà. Kó tó dọ́jọ́ yẹn ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé pé òun ò ní sọ ọ́ síta, torí ọ̀rọ̀ tó bá ti bọ́ síta ṣáájú ìwé lè ba gbogbo nǹkan jẹ́, pàápàá ní Yúróòpù. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń yà á, ibi tó bá ti dúró tó ń ronú, tàbí tó ya nǹkan míì, ẹ sàmì sí ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ẹ tún un kọ, kẹ́ ẹ wá kọ kíléèmù kéékèèké sábẹ́ èyí tó fẹ̀, tó máa mú 10 sí 25 degrees yẹn wá sí 15 sí 20, tó máa dárúkọ irú nozzle, tó máa sọ iye blade, kó lè jẹ́ pé tí olùyẹ̀wò tàbí kọ́ọ̀tù bá fagi lé èyí tó fẹ̀, ẹ ṣì ní èyí tó kéré tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ṣe kedere tẹ́ ẹ lè dúró lé.